Ẹlẹ́rìí ni Ọmọdé Asọ̀tàn, Kì í Ṣe Adájọ́

Nígbà tí ẹjọ́ bá délẹ̀ ní agbo ilé, tí àwọn àgbà sì jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé ọmọdé nìkan ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kì í lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé ó kéré. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sì í gbé ìdájọ́ lé e lọ́wọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Wọn a pè é, wọn a fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, wọn a sì bi í léèrè ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá wí pé òun rí i tí lágbájá mú igi lọ́wọ́, wọn a gbà á. Bí ó bá fi kún un pé ìkórìíra ni ó mú kí lágbájá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a rọra dá a dúró, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rí ti parí níbẹ̀, èrò ni ó kù. Ìwà àwọn àgbà yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àròsọ mú lò nígbà tí asọ̀tàn bá jẹ́ ọmọdé.

Àwọn ìtàn àròsọ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti fi hàn bí ọmọ ti ṣe ń kúrò ní ọmọdé tí ó sì ń di àgbà: bí ó ti ń kọ́gbọ́n, bí ó ti ń ṣìnà, bí ó ti ń mọ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń tàn án jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu, tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà yìí dùn, nítorí pé yóò dà bí ẹni pé a jókòó ti ọmọ náà, tí a sì ń fi ojú rẹ̀ wo ayé. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń jáde, àwọn àgbà sì ti wí pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni òǹkàwé yóò ṣe tí kò fi ní di àgbà òṣìkà, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ìwé gbé síwájú rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà ṣìnà níbí. Àwọn kan a gba gbogbo ohun tí ọmọ náà bá sọ bí ẹni pé òǹkọ̀wé gan-an ni ó sọ ọ́: bí ọmọ náà bá ní ènìyàn burúkú ni òun, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ènìyàn burúkú ni. Àwọn kejì ti gbọ́ pé asọ̀tàn lè ṣi ni lọ́nà, nítorí náà wọn a máa fura sí gbogbo ọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ náà lè wí tí wọn kò ní pè ní irọ́. Àwọn ti ìṣáájú fi ọmọdé jẹ adájọ́. Àwọn ti ìkejì lé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó wà kúrò ní ilé ẹjọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a mọ̀ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ojú ọmọ àti òṣùwọ̀n ọmọ. Ẹ̀rí ojú rẹ̀ ni kí a gbà. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò, kí a lè mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti gbà á.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé, ó dára kí a rántí pé òǹkọ̀wé àti asọ̀tàn kì í ṣe ẹnì kan náà. Àwọn tí ń ka ìwé Yorùbá ti bá ọ̀ràn yìí pàdé tipẹ́tipẹ́. Ní 1929 àti 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, nínú èyí tí obìnrin kan tí ó ti darúgbó, tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ti ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó sì ń kábàámọ̀ ìwà tí ó hù nígbà èwe. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ wọ́n. Ọkùnrin ni ó mú kálàmù lọ́wọ́, obìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá lè yá ohùn arúgbó obìnrin lò, àgbà náà lè yá ohùn ọmọdé lò. Nígbà tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì ni ó wà lójú ìwé: ọmọ tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àti àgbà tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí kò lanu. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti fetí sí èkíní, kí ó sì mọ ìgbà tí èkejì ń mi orí.

Bóyá ni ìwé kan wà tí ó fi èyí hàn kedere ju Adventures of Huckleberry Finn, ìwé Mark Twain ará Amẹ́ríkà. Samuel Langhorne Clemens ni orúkọ àbísọ òǹkọ̀wé yìí. A bí i ní 1835 ní ìpínlẹ̀ Missouri, ó sì dàgbà ní ìlú Hannibal létí odò Mississippi, níbi tí òfin ti gbà kí ènìyàn ní ẹrú. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1885. Nígbà náà, ó ti pé bí ogún ọdún tí a ti fi òfin pa ìsìnrú rẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1865. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé fi ìtàn náà sí nǹkan bí ogójì sí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìsìnrú ṣì múlẹ̀ ṣinṣin, tí ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ẹjọ́ ní apá ibẹ̀ sì ń tì í lẹ́yìn.

Huck, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, ni asọ̀tàn. Ọ̀mùtí ni baba rẹ̀, ó sì máa ń lù ú. Opó kan tí ń jẹ́ Douglas gbà á tọ́, Omidan Watson, tí í ṣe ọmọ ìyá opó náà, sì ń kọ́ ọ ní ìwé àti ẹ̀sìn. Nígbà tí baba rẹ̀ wá gbé e lọ tí ó sì tì í mọ́ inú ahéré kan nínú igbó, Huck dá ọgbọ́n kan tí àwọn ènìyàn fi rò pé a ti pa á, ó sì sá lọ sí erékùṣù kan láàárín odò. Níbẹ̀ ni ó ti bá Jim pàdé, ẹrú Omidan Watson, tí ó sá nítorí ó gbọ́ pé olówó òun fẹ́ ta òun sí apá New Orleans ní 800 dọ́là. Àwọn méjèèjì gun orí àwọn igi tí a so pọ̀ tí ń léfòó lójú omi, wọ́n ń bá odò lọ ní òru, wọ́n ń fara pamọ́ ní ọ̀sán. Èrò wọn ni láti dé ìlú Cairo, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ gba odò Ohio lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò sí ìsìnrú. Ṣùgbọ́n wọ́n kọjá Cairo láìmọ̀, odò sì ń gbé wọn wọ inú ilẹ̀ àwọn olówó ẹrú lọ.

Òpùrọ́ ni Huck. Ó wọ aṣọ ọmọbìnrin, ó ní Sarah Williams ni orúkọ òun. Ó dé ilé àwọn Grangerford, ó di George Jackson. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ó sì ti gbàgbé orúkọ náà, ó dọ́gbọ́n mú ọmọ ilé náà kí ó pe lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún un, kí òun lè rántí. Òǹkàwé tí ó bá ń yára yóò wí pé, “Ẹni tí ó purọ́ tó báyìí, kí ni a ó tún gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ń purọ́ fún. Àwọn tí ó lè mú un, tí ó lè tà á, tàbí tí ó lè gba Jim lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó ń purọ́ fún. Òǹkàwé kò sí nínú wọn. Ó ń sọ irọ́ náà fún wọn, ó sì ń sọ fún àwa pé irọ́ ni òun sọ àti ìdí tí òun fi sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pàápàá ni ó ti fi Ọ̀gbẹ́ni Mark Twain sùn pé ó fi àbùmọ́ díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí ó kọ ṣáájú. Ẹni tí ó ń ka irọ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún wa ti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ojú rẹ̀ sì mú. Nígbà tí ìjà àjogúnbá láàárín ìdílé Grangerford àti ìdílé Shepherdson di ogun, orí igi ni Huck wà nígbà tí a ń pa Buck, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò jù ú lọ. Ó sọ ìwọ̀nba ohun tí ó rí, ó sì ní òun kò lè sọ gbogbo rẹ̀ nítorí pé yóò tún mú òun ṣàìsàn. Kò ṣàlàyé, kò wàásù. Àgbà tí ó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti sọ èyí tí ó ju èyí tí ó rí lọ. Níbi tí ojú bá ti jẹ́ ẹ̀rí, ọmọ yìí jẹ́ ẹlẹ́rìí rere.

Ibi tí ọ̀ràn ti yí padà ni ibi tí ó ti ń ṣe ìdájọ́. Bí wọ́n ti ń rò pé àwọn ti sún mọ́ Cairo, inú Jim ń dùn, ó ń sọ bí òun yóò ti ṣiṣẹ́ láti ra aya àti àwọn ọmọ òun padà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Huck. Ẹ̀rù bà á ni, nítorí ó gbà pé olè ni òun ń jà: ohun ìní Omidan Watson, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ni òun ń bá a gbé sá. Ó gbéra láti lọ fi Jim hàn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì tí ń wá ẹrú tí ó sá pàdé rẹ̀ lójú omi, ọ̀rọ̀ kọ̀ láti jáde lẹ́nu rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú kí wọ́n rò pé ìgbóná ń ṣe àwọn ará ilé òun lórí igi náà. Àwọn ọkùnrin náà sá sẹ́yìn, wọ́n sì fi 40 dọ́là ránṣẹ́ sí i lórí pákó. Huck padà pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní òun ti ṣe ibi, àti pé a kò tètè kọ́ òun ní rere ni kò jẹ́ kí òun lè ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹlẹ́tàn méjì tí wọ́n wọ inú ìrìn náà ta Jim ní 40 dọ́là. Huck gbìyànjú láti gbàdúrà, kò sì lè ṣe é. Ó kọ ìwé sí Omidan Watson láti sọ ibi tí ẹrú rẹ̀ wà, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tí a wẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ó rántí bí Jim ti máa ń ṣọ́nà dípò òun kí òun lè sùn, àti bí inú rẹ̀ ti dùn tó nígbà tí òun padà bọ̀ láàyè láti inú kùrukùru. Ó ya ìwé náà, ó sì gbà pé ọ̀run àpáàdì ni òun yóò lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró sí. Bí a bá gba ẹ̀rí Huck, a ti rí ọmọ kan tí ó yàn láti pàdánù ọkàn ara rẹ̀ ju kí ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá gba ìdájọ́ rẹ̀, a ti fọwọ́ sí i pé ẹni tí ó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ láti bọ́ lóko ẹrú, olè àti ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu kan náà, ni méjèèjì ti jáde. Òǹkàwé tí kò bá mọ bí a ti í yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò jáde nínú ìwé náà pẹ̀lú ohun tí òǹkọ̀wé kọ ọ́ láti tú fó.

Ẹni tí ó bá fi kóńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàrí lọ́jà kò purọ́ bí ó bá ní kóńgò mẹ́wàá ni òun wọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ríran, iye tí ó kà pé. Kóńgò náà ni ó purọ́, ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ kò sí lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Huck. Òun kọ́ ni ó ṣe òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ara rẹ̀. Omidan Watson ni ó fún un, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn, àwọn adájọ́ àti gbogbo ará ìlú tí a ń pè ní ènìyàn rere. Ohun tí ó ń pè ní ẹ̀rí ọkàn kì í ṣe ohùn ọkàn rẹ̀ rárá. Ohùn ìlú rẹ̀ ni. Mark Twain fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú àkọsílẹ̀ kan ní 1895 pé ọkàn tí ó yè kooro àti ẹ̀rí ọkàn tí a ti bà jẹ́ ni ó bá ara wọn jà nínú ìwé náà, tí ọkàn sì borí. Wayne Booth, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé The Rhetoric of Fiction ní 1961, ni ó fún irú asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé yìí ní orúkọ tí a fi ń pè é nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ títí di òní. Huck wà lára àpẹẹrẹ rẹ̀: ọmọ náà ń pe ara rẹ̀ ní ènìyàn burúkú, òǹkọ̀wé sì ń yìn ín lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀ pé kóńgò náà ti tẹ̀, nígbà tí Huck kò mọ̀? Àwọn ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí rere sì gbé ọ̀rọ̀ wọn wá láìbù kù. Ní òru ọjọ́ tí kùrukùru yà wọ́n sọ́tọ̀, Jim wá a títí tí ó fi sùn lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tí Huck padà, ó fi Jim ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, pé àlá ni ó lá. Jim wo ewé àti pàǹtí tí omi gbá sórí igi wọn, ó wo ojú ọmọ náà, ó sì sọ fún un gbangba pé pàǹtí gan-an ni ẹni tí ó bá ń dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gba Huck ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó lè lọ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹrú, ṣùgbọ́n ó lọ, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Huck kò fi ìgbà kan sọ fún wa pé Jim jẹ́ ẹni iyì. Ọ̀rọ̀ Jim ni ó sọ ọ́. Nítorí náà, ẹjọ́ ẹnì kan kọ́ ni ó wà níwájú wa mọ́. Ẹlẹ́rìí náà ti mú ẹlẹ́rìí kejì wá.

Ẹ̀rí ojú pàápàá ní ààlà, nítorí ojú kì í rí ohun tí a fi pa mọ́ fún un. Nínú ilé kan tí omi gbé lọ, Jim rí òkú ọkùnrin kan, ó sì bo ojú rẹ̀ kí Huck má bàa wò ó. Ìgbà tí ìwé ń parí lọ ni ọmọ náà tó gbọ́ pé òkú baba òun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tom Sawyer, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe eré ìtúsílẹ̀ Jim pé Omidan Watson ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn, tí ó sì ti sọ Jim di òmìnira nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Nígbà tí àṣírí yìí tú, ìtura ni ó jẹ́ fún Huck: ó wá yé e bí ọmọ tí a tọ́ dáradára bíi Tom ti lè bá ni jí ẹrú gbé. Òǹkàwé tí ó bá rò pé ọmọ náà ti sọ kóńgò burúkú rẹ̀ nù ní láti tún ibí yìí kà. Kò sọ ọ́ nù. Ìwà rẹ̀ ti dàgbà kọjá òṣùwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Ohun tí Huck kò lè rí ni ó fún òǹkọ̀wé mìíràn ní iṣẹ́ ṣe. Ní 2024, Percival Everett, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí ó pè ní James, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2025. Jim ni asọ̀tàn níbẹ̀. A rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó jíire ni òun àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí aláwọ̀ funfun bá dé ni wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbédè, kí ìyà má bàa jẹ wọ́n. Ìwé yìí kò sọ Huck di òpùrọ́. Ó kàn fi hàn pé ẹlẹ́rìí tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò lè jẹ́rìí ohun tí ń lọ nínú yàrá.

Kì í ṣe gbogbo asọ̀tàn ìtàn èwe ni ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Nínú Great Expectations, tí Charles Dickens tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti oṣù Kejìlá 1860 di oṣù Kẹjọ 1861, Pip tí ó ti dàgbà ni ó ń sọ ìtàn Pip ọmọdé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Pip àgbà ní àkísà. Ó mọ̀ pé ojú ń ti òun nígbà náà nítorí Joe alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó fẹ́ràn òun jù, ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Nítorí náà òṣùwọ̀n rẹ̀ sàn ju ti Huck lọ. Ṣùgbọ́n ó ń mọ̀ọ́mọ̀ pa nǹkan mọ́. Láti ojú ìwé kìíní ni ó ti mọ̀ pé Magwitch ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń náwó lé òun lórí, kì í ṣe Omidan Havisham ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀ ó jẹ́ kí àwa náà rìn nínú òkùnkùn tí òun rìn, kí a lè mọ bí ó ti rí. Ibi tí a ti ń bi Huck léèrè pé, “Ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?” ni a ó ti bi Pip pé, “Nígbà wo ni o mọ̀ ọ́n?”

Ìbéèrè kẹta tún wà, èyí tí Purple Hibiscus, ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní 2003, kọ́ ni láti máa bèèrè. Kambili, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Enugu, ni asọ̀tàn. Ọlọ́rọ̀ ni Eugene baba rẹ̀, ó ń tọrẹ fún aláìní, ìwé ìròyìn rẹ̀ kò sì bẹ̀rù ìjọba ológun. Ṣùgbọ́n ó ń lu aya àti ọmọ. Nígbà tí ó da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ Kambili nítorí pé ó bá baba àgbà rẹ̀, tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì, gbé abẹ́ òrùlé kan láìsọ fún un, ọmọ náà ròyìn rẹ̀ fún wa láìpe baba rẹ̀ ní ìkà. Ìyìn baba yìí ni ó tún ń wá. Kò purọ́ kankan fún wa. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ ni ó jọ di ẹnu rẹ̀, tí ó fi lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìlè sọ orúkọ rẹ̀. Irú ọmọ báyìí ni ó yẹ kí a bi pé, “Ta ni o ń bẹ̀rù?” Olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ṣàì mọ̀ pé irú rẹ̀ ń jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ láti gbọ́ ohun tí Kambili kò sọ lè gbọ́ tirẹ̀ náà.

Ní 1885, ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ìlú Concord ní Massachusetts kó ìwé Huck kúrò lórí pẹpẹ wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ àgbà tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀hónú àwọn òbí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ní àkókò tí ó tẹ̀lé e yàtọ̀ sí èyí, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ èébú tí a fi ń pe aláwọ̀ dúdú wà nínú ìwé náà ní ìgbà tí ó lé ní igba. Ọmọ tí a bá ń ka èébú yìí sí etí rẹ̀ nínú kíláàsì kò ní láti dúró títí yóò fi kọ́ nípa asọ̀tàn kí ó tó dùn ún. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó ni òṣùwọ̀n inú rẹ̀, kí ó tó jẹ́ kí ọmọ kankan kà á sókè.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọdé bá jókòó síwájú wa nínú ìwé tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá a lò bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Kí a bèèrè ohun tí ó rí, yàtọ̀ sí ohun tí ó rò. Kí a wo àwọn tí ó ń purọ́ fún, bóyá a wà lára wọn. Kí a fetí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí ó gbé wá. Kí a wádìí ẹni tí ó fún un ní òṣùwọ̀n, ìgbà tí ó mọ ohun tí ó mọ̀, àti ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó dájọ́, àwa fúnra wa, nítorí pé a kò lè gbé iṣẹ́ yìí fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ èyí lọ́dọ̀ Huck kò ní ṣàì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun náà ń fi òṣùwọ̀n kan tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é wọn rere àti búburú lójoojúmọ́. Ilé ni ó ti gbé e wá, àti ilé ìjọsìn, àti ilé ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn òṣùwọ̀n náà péye. Ṣùgbọ́n Omidan Watson náà rò pé tirẹ̀ péye. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé wà nínú ojú tí ó fi ń wò, ọgbọ́n àgbà sì wà nínú yíyí kóńgò padà kí ó wo ìdí rẹ̀ kí ó tó wọn nǹkan.